Evil Dead II: Fíìmù tó ń dẹ́rù bani, tó tún ń pani lẹ́rìn-ín

Bí ọwọ́ ẹni bá ń lu ẹni, ta ni èèyàn fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ash nìyẹn nínú Evil Dead II, fíìmù Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 1987. Nínú ilé kan láàárín igbó, ẹ̀mí àìmọ́ wọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ náà ń fọ́ àwo mọ́ ọn lórí. Nígbà tó sú u, Ash fi ayùn oní-ẹ́ńjìnnì gé e, ó sì fi korobá dé e mọ́lẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí fíìmù yìí má wáyé. Crimewave, tí adarí eré náà, Sam Raimi, gbé jáde lọ́dún 1985, kò mówó wọlé. Òǹkọ̀wé Stephen King, tó gbóríyìn fún Evil Dead àkọ́kọ́, ló bá a bẹ Dino De Laurentiis kó gbé owó sílẹ̀.

Raimi fẹ́ràn àwọn aláwàdà Three Stooges, tó máa ń gbá ara wọn létí. Àwàdà yẹn ló gbé wọ inú ìpayà. Bruce Campbell, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ló ṣe Ash. Fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, òun nìkan ló ń bá ara rẹ̀ jà. Òǹwòran ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n: ẹ̀mí àìmọ́ ti gba ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, orí tirẹ̀ náà sì ti ń dàrú.

Ibẹ̀ ni adùn fíìmù náà wà. Ìgbà tí ẹ̀rín bá ti mú kí ara tu òǹwòran ni ẹ̀rù mìíràn máa ń já lù ú.