Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Parọ́ Nídìí Poker? Ẹ Bi Káàdì Ọwọ́ Yín

Ní yàrá wa ní hostel, ìdérí ìgò la fi ń ta poker. Ẹni tó bá pàdánù ló máa pọn kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin gòkè wá. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni mò ń pọnmi! Mo rò pé ìgboyà ni bluff: kéèyàn kàn fajú ro, kó da ìdérí sílẹ̀ bí ẹni tó ní nǹkan ńlá lọ́wọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ìṣirò ni.

Nínú Texas Hold'em, káàdì 52 ló wà, 13 nínú wọn jẹ́ spade. Káàdì méjì ló ń wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, márùn-ún á wà ní gbangba. Ká ní àwọn márùn-ún náà ni K, 9 àti 4 spade, 7 diamond àti 2 heart. Ẹni tó bá ní spade méjì lọ́wọ́ ti ní márùn-ún, ìyẹn flush. Spade 10 ló kù, ọ̀nà 45 lèèyàn sì lè gbà mú méjì nínú wọn.

Wàyí o, ká ní A spade wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ìkejì rẹ̀ kì í ṣe spade. Òfo ni mo dì mú. Ṣùgbọ́n káàdì tó wà lọ́wọ́ mi ò lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Spade tó kù di 9, ọ̀nà 45 di 36. Gbogbo flush tó ní A, èyí tí ò sẹ́ni tó lè borí ẹ̀, ti pòórá lọ́wọ́ ẹnìkejì mi. Káàdì adènà nìyẹn, òun làwọn ọ̀jẹ̀ ń pè ní blocker.

Ṣé ìyẹn tó nǹkan? Ká ní ìdérí 60 wà láàárín, mo sì fẹ́ fi 60 dẹ́rù bà á. Kí n tó lè jèrè, ó gbọ́dọ̀ ju káàdì ẹ̀ sílẹ̀ ju ìdajì ìgbà lọ. Ká gbà pé kò ní ju flush kankan sílẹ̀, àmọ́ ó máa ju ọwọ́ yẹpẹrẹ 40 sílẹ̀, tí A spade ò sí nínú wọn. Láìsí adènà, 40 nínú 85 nìyẹn, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún: mo gbé. Tí mo bá ní A spade, ó di 40 nínú 76, ìdá 53: mo jẹ. Káàdì kan péré!

Àmọ́ káàdì lè dènà níbi tí ò yẹ. Ká ní 15 nínú ọwọ́ yẹpẹrẹ yẹn jẹ́ 8 àti 6, ti ẹni tó ń retí 10 tàbí 5 tí ò wá. Bí 8 àti 6 diamond bá wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi, 15 yẹn di 8. Àwọn tí mo fẹ́ kó sá gan-an ni mo dí lọ́nà! Ó ku 33 nínú 78, ìdá 42. Ẹ yáa ṣe check, kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Mo ṣì ń pọnmi, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́ mọ́. Ẹ rántí ṣá: ẹni tí kì í ju káàdì sílẹ̀, kò sí adènà tó lè mú un. Ìdá 53 náà sì túmọ̀ sí pé bíi ìgbà 47 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ máa gbé. Omi ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó ilé-ìwé kọ́ ọ.