Bí A Ti Ń Pààrọ̀ Sẹ́ńsọ̀ Ìgbóná Ẹ́ńjìnì Nínú Ọgbà Ilé Ẹni

Olóòtú ìwé àyájọ́ yìí bẹ̀ mí pé kí n kọ ohun tí yóò wúlò, kí n sì fi ìwàásù sílẹ̀ di ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa tí ẹ ń gbé Súrùlérè, Yábàá àti Múṣin, tí ẹ ń wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ bí èmi náà, ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan ni mo mú wá.

Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu iye epo bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnì yóò mu. Kọ̀ǹpútà yìí kò ní ojú. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ó ń ròyìn fún un. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, wà nínú omi tí ń tu ẹ́ńjìnì lára, òun ni ó sì ń sọ bí omi náà ti gbóná tó. Àwọn tí wọ́n ka Físíìsì yóò rántí pé àwọn èròjà kan wà tí ìdènà wọn sí iná mànàmáná máa ń dín kù bí wọ́n bá ti ń gbóná sí i. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú sẹ́ńsọ̀ yìí.

Bí wáyà rẹ̀ bá já, iná kò ní kọjá rárá, kọ̀ǹpútà lè gbà pé òtútù yìnyín ni ó bo ẹ́ńjìnì, àní ní Èkó, nínú oṣù kẹta! Yóò wá máa da epo sí i ní àdàjù. Èéfín dúdú àti òórùn epo yóò tẹ̀lé e. Èyí tí ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ pé omi tutù nígbà tí ó ti ń hó: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù kò ní ṣiṣẹ́ lásìkò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjúẹlẹ́gba, orí ẹ́ńjìnì a sì tẹ̀. Àtúnṣe ìyẹn lè gbé owó ilé-ìwé ọmọ lọ.

Iná ẹ́ńjìnì tí ó tàn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ó ń sọ pé ìròyìn tí kọ̀ǹpútà gbà kò bọ́gbọ́n mu ni. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní irú ihò kan náà fún ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ P0118, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ wáyà tí eku jẹ, tàbí ẹnu wáyà tí ó dípẹtà. Ènìyàn lè ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta fún ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé wáyà ni ó já. Ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà wò.

Níhìn-ín ni n ó ti wàásù díẹ̀, olóòtú ẹ jọ̀ọ́: ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì gbóná. Omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ ìfúnpá, ó lè bó ènìyàn lójú. Nígbà tí ó bá tutù pátápátá, ẹ tú okùn òdì bátìrì, ẹ fa díẹ̀ nínú omi náà sínú abọ́ mímọ́, ẹ tẹ ìkọ́ ẹnu wáyà kí ẹ tó fà á (ẹ má fa wáyà fúnra rẹ̀), kí ẹ sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì jíjìn tú sẹ́ńsọ̀ náà. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ìdènà rẹ̀ máa ń wà láàrin 2,000 sí 3,000 ohm nígbà tí ó bá wà ní ìwọ̀n ìgbóná 20 lórí Celsius, a sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 ní 80. Ẹ ri orí rẹ̀ bọ ife omi gbígbóná. Bí nọ́ńbà náà kò bá wálẹ̀, ó ti kú.

Òkú náà ni kí ẹ mú lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin. Ẹ má kàn sọ pé “sẹ́ńsọ̀ Corolla” ni ẹ fẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ wé tuntun. Ní tèmi, tòkunbọ̀ gidi sàn ju tuntun tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é lọ. Ẹ mú mítà dání. Òǹtajà tí ọjà rẹ̀ dára kì í bínú sí i.

Ẹ fi rọ́bà ìdí tuntun sí i, ẹ dì í mọ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí alumíníọ̀mù ni ó ń gbà á. Ẹ da kóláǹtì padà, kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán, kí ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì máa wo ìdí sẹ́ńsọ̀ bóyá ó ń jò. Nígbà tí fáànù bá dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ó sì dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ lè dé bọ́nẹ́ẹ̀tì.