Ṣòkòtò Tí Ó Bá Ni Mu Rẹ́gí

Ní Agbowó, ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti kọjú sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, bí ẹgbẹ́ aláàánú tí ń tọ́jú ọmọ òrukàn bá ń san owó ètò kọ̀ǹpútà lọ́dọọdún, owó ìwé àwọn ọmọ náà ni ó ń ná. Bí ó bá sì lo ayédèrú, ohun olóhun ni ó lò.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Ṣùgbọ́n ètò tí a ṣí ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé, bí LibreOffice, ètò iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè pín in, ó sì lè tún un rán kí ó bá a mu. Koha, ètò tí a fi ń ṣàkóso ilé ìkàwé, ni ó wù mí jù: àwọn ilé ìkàwé Horowhenua ní New Zealand ni a kọ ọ́ fún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kìíní ọdún 2000, ẹ̀bùn ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Maori, ẹ̀bùn ọ̀hún sì ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì ilẹ̀ wa.

Ọ̀fẹ́ kò ní kí làálàá má sí o. Akọ̀wé tí ètò kan ti mọ́ lára kò ní í gba òmíràn lọ́sàn-án kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé pamọ́, ẹ fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, ẹ sì kọ́ akọ̀wé náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Yunifásítì tí wọ́n lè kọ́ ọ kò jìnnà: títì nìkan ni wọn yóò sọdá.