Ilé yín ní Florida: ẹ yẹ ilẹ̀kùn yàrá mọ́tò wò kí ìjì tó dé

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ nílé tàbí ẹbí létí òkun Florida, ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà tí ìjì Andrew jà níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1992, ilẹ̀kùn yàrá mọ́tò wà lára ohun tó kọ́kọ́ já lára ọ̀pọ̀ ilé. Ilẹ̀kùn ọ̀hún fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Tó bá ti já, atẹ́gùn á rọ́ wọlé, á máa ti òrùlé láti inú, tòde náà á sì máa fà á sókè. Bí òrùlé ṣe ń ṣí lọ nìyẹn.

Ọdún 2002 ni òfin ilé kíkọ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Florida. Ilé tó ti wà ṣáájú ìgbà náà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ wo àkọlé ara rẹ̀, kẹ́ ẹ mọ bí atẹ́gùn tó lè gbà ṣe le tó. Ẹ má pààrọ̀ ilẹ̀kùn nìkan o: irin tó ń gbà rìn àti ìdè tó mú un mọ́ ògiri gbọ́dọ̀ lágbára bákan náà. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin, torí náà ẹ yan èyí tí kò ní tètè dípẹtà. Ẹ sì bi ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ léèrè ìwé àṣẹ kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì ń wọlé. Ẹ má dúró dìgbà tójú ọjọ́ bá ṣú.