Yíìsì Tó Ń Dáàbò Bo Èso Nínú Ìpamọ́

Ohun tó ń mú èso rà

Ọ̀pọ̀ ọsàn tó ń rà nínú ìpamọ́ ló ti gba ọgbẹ́ nígbà ìkórè, yálà èékánná ló ha á tàbí apẹ̀rẹ̀ ló gún un. Ojú ọgbẹ́ yìí ni èbu aláwọ̀ ewé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Penicillium digitatum, ń gbà wọlé: èèpo á kọ́kọ́ rọ̀, èbu funfun á bo ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé á yọ láàárín rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ bá àwọn ọsàn yòókù.

Bí yíìsì ṣe ń ṣiṣẹ́

Yíìsì jẹ́ ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ń gbé lára èso láìṣe é ní jàǹbá. Bí a bá pò ó mọ́ omi, tí a ri èso bọ inú rẹ̀, kíákíá ni yóò pọ̀ sí i lójú ọgbẹ́, tí yóò jẹ ṣúgà ibẹ̀ tán, débi pé èbu kò ní rí ohun tí yóò fi hù. Àwọn mìíràn tún máa ń tú èròjà tó ń jẹ èbu lára jáde. Ní ọdún 1995 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílo Candida oleophila, yíìsì tí a rí lára tòmátò, fún èso tí a ti ká.

Ohun tó yẹ kí olùlò mọ̀

Ìdènà ni iṣẹ́ yíìsì, kì í ṣe ìwòsàn. Nítorí náà, kété lẹ́yìn ìkórè ni kí a lò ó, lẹ́yìn tí a bá ti ṣa èso tó rà kúrò, kí a sì kó èso náà sí ibi tó tutù. Kúlórínì máa ń pa yíìsì, wọn kò sì gbọdọ̀ wà nínú omi kan náà. Yíìsì tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò kì í ṣe irú èyí, kò sì yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀. Ní Nàìjíríà, kí olùlò wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọjà kí ó tó rà á.

Ápù tó ti rà kò yẹ fún omi èso, nítorí pé èbu aláwọ̀ búlúù, Penicillium expansum, lè ti fi májèlé tí ń jẹ́ patulin sínú rẹ̀, sísè omi èso náà kò sì ní mú májèlé yìí kúrò pátápátá. Ẹ kó irú èso bẹ́ẹ̀ dànù.