Ẹbí Kọ̀ǹpútà: Ohun tí Ilé-iṣẹ́ IBM Dáwọ́ Lé

Kókó ọ̀rọ̀ wa ni bí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe lè ti ara ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo mú onírúurú ọjà jáde. Èrò náà kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí oríkì: gbogbo ọmọ ilé ni ó jọ ni oríkì orílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oríkì àbísọ oníkálukú yàtọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, IBM ti Amẹ́ríkà ń ta oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà tí ọ̀kan kò gbọ́ èdè èkejì. Oníbàárà tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, tí ó sì ra ẹ̀rọ tí ó tóbi jù, ní láti tún gbogbo ètò tí ó ti kọ fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kọ. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ó fi ń yangàn. Ta ni yóò gbà kí tirẹ̀ parẹ́ kí ti gbogbogbòò lè dúró? Fred Brooks ń ṣe ẹ̀rọ tuntun kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 8000. Bob Evans takò ó, ó sì borí. Ṣùgbọ́n Brooks kan náà ni Evans fi ṣe olórí iṣẹ́ tuntun. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ju ọgbọ́n ẹ̀rọ lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí SPREAD fi àbọ̀ ìjíròrò rẹ̀ lélẹ̀: kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí àwọn àṣẹ tí gbogbo ẹ̀rọ náà yóò máa gbọ́, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá wá ọ̀nà tirẹ̀ láti mú wọn ṣẹ. Ẹ̀rọ kékeré lè lọ́ra, kí ńlá yára. Ètò kan náà ni wọn yóò jọ máa lò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1964, a fi System/360 han aráyé.

Àtakò kò tán bọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, Honeywell kéde ẹ̀rọ tí ó ń fa àwọn oníbàárà 1401, ẹ̀rọ IBM tí ọjà rẹ̀ yá jù, mọ́ra. Àwọn kan ní kí a padà sídìí 1401. Àwọn olórí kọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ẹ̀rọ tuntun lè máa ṣe bí ẹni pé òun ni ti àtijọ́, kí ètò àwọn oníbàárà má baà ṣòfò.

Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ ni OS/360, ètò ìdarí tí wọ́n fẹ́ kí ó bá gbogbo ẹ̀rọ náà mu. Ó pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì tóbi ju ohun tí àwọn ẹ̀rọ kékeré lè gbà lọ. DOS/360 ni a ṣe fún wọn. Brooks kọ ìwé lórí wàhálà yìí ní ọdún 1975, ó ní fífi òṣìṣẹ́ kún iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ ń mú kí ó tún pẹ́ sí i ni. Síbẹ̀, títí di òní, ọ̀pọ̀ ètò tí a kọ fún System/360 ṣì lè ṣiṣẹ́ lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá IBM tí ó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀.