Ráì: Èpò Oko Àlìkámà Tí Ó Di Oúnjẹ

Ohunkóhun tí ó bá hù níbi tí àgbẹ̀ kò gbìn ín sí, èpò ni àgbẹ̀ ń pè é. Orúkọ yìí kò ti inú ewéko náà wá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni oko ni ó ti wá. Ìtàn ọkà kan tí à ń pè ní ráì fi èyí hàn gbangba.

Ní ọdún 1916, Nikolai Vavilov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn, rìnrìn àjò dé ilẹ̀ Páṣíà, èyí tí í ṣe Ìráànì lónìí, àti àwọn òkè Pamir. Ní 1924 ó dé Afganísítánì. Ó ṣàkíyèsí pé ní ìsàlẹ̀ òkè, àlìkámà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn, ráì sì jẹ́ èpò láàárín rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ sọ ráì ní orúkọ kan, gandum-dar, tí ó fi hàn pé ẹni tí ń yọ àlìkámà lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń gun òkè lọ, bẹ́ẹ̀ ni ráì ń pọ̀ sí i nínú oko, títí a ó fi dé ibi gíga tí ráì nìkan ti gba gbogbo ilẹ̀.

Òtútù ni ó fà á. Ráì lè fara da òtútù àti ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ju àlìkámà lọ. Bí òtútù líle bá pa àlìkámà, ohun tí ó kù nínú oko ni àgbẹ̀ yóò kórè, òun náà ni yóò jẹ, òun náà ni yóò sì fi ṣe irúgbìn ọdún tí ń bọ̀.

Ọwọ́ àgbẹ̀ pàápàá ran èpò yìí lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá ń roko, èyí tí kò jọ àlìkámà ni ó ń fà tu. Èyí tí ó jọ ọ́ a sì bọ́. Ráì tí èso rẹ̀ kò gbọn dànù láti ara ṣírí kí dòjé tó dé, a gé e pọ̀ mọ́ àlìkámà. A jọ pa wọ́n, a jọ fẹ́ wọn, a sì jọ dá wọn padà sí oko. Báyìí ni èpò kọ́ ìwà ohun ọ̀gbìn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu láti kọ́ ọ.

Nígbà tí ó ṣe, búrẹ́dì ráì di oúnjẹ àwọn mẹ̀kúnnù ní Rọ́ṣíà, Pólándì àti Jámánì. Àwọn onímọ̀ sì ti fi ráì àti àlìkámà bí ọkà tuntun kan, triticale, kí agbára ráì lè ran àlìkámà lọ́wọ́.

Kí àgbẹ̀ má ṣe tìtorí èyí fi ọkọ́ sílẹ̀, nítorí èpò ṣì ń jẹ oúnjẹ ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oko wo èpò dáadáa kí ó tó sọ pé kò wúlò.